Owó wà, oorun kò sí. Owó lọ, oorun kò wá: ìdáhùn fún olùra kòkó kan ní Àkúrẹ́

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ̀yin àgbà. Agbègbè Òkè-Àró ní Àkúrẹ́ ni mò ń gbé. Mò ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, mo sì ń tà á fún àwọn tó ń kó o lọ sókè òkun. Ní 2024 tí kòkó gbówó lórí, mo rówó tí n kò rí rí: mo kan páànù ilé, mo ra mọ́tò, mo ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí owó ọjà wálẹ̀, àwọn àpò tí mo rà ní ọ̀wọ́n ṣì wà nílẹ̀, mo sì jẹ kọ́párétíìfù lówó. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí owó wà, n kì í sùn. Ní báyìí tí kò sí, n kì í sùn. Pásítọ̀ wa ní ègún ni òṣì. Àwọn tí ìyàwó mi ń bá ṣe ìpàdé àdúrà ní ọrọ̀ ló ń dínà ọ̀run mọ́ni. Ta ló tọ̀nà nínú wọn? Níbo gan-an ni Kristẹni ti ń rí ayọ̀? Àti pé, ṣé kí n ta mọ́tò náà?"

Arákùnrin mi, ẹ kú ìfaradà. Kí n kọ́kọ́ dáhùn kí n tó máa ṣàlàyé: pásítọ̀ yín ò tọ̀nà, àwọn tí ìyàwó yín ń bá gbàdúrà náà ò tọ̀nà. Ohun kan náà ni wọ́n jọ gbà gbọ́ láìfura, pé iye owó tó wà lọ́wọ́ ènìyàn ló ń sọ ibi tó dúró sí lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ọ̀kan ń kà á bọ̀ láti òkè, èkejì ń kà á bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ayọ̀ tí ẹ ń béèrè kò sí lórí àkàbà yẹn rárá. Ẹ̀kọ́ ni. A máa ń kọ́ ọ bí a ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ó sì ní ohun tí ọwọ́ ń ṣe lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí n tètè kúrò lórí ọ̀rọ̀ òṣì. Òṣì kì í ṣe ìwà mímọ́. Ẹni tí kò ní lè ṣojúkòkòrò ju ẹni tó kọ́lé mẹ́ta lọ, torí owó ni yóò máa rò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Wọ́n mọ oró ebi, wọn ò pè é ní ìbùkún. Nígbà tí Jésù ní alábùkún fún ni ẹ̀yin òtòṣì (Lúùkù 6:20), ohun tó fi ṣe ìbùkún wọn ni ìjọba Ọlọ́run tó jẹ́ tiwọn, kì í ṣe àìní náà. Lìdíà tó ń ta aṣọ elésè àlùkò ní Fílípì kò da igbá òwò rẹ̀ nù nígbà tó gbàgbọ́. Ilé rẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù àti àwọn tó bá a rìn wọ̀ sí. Jésù fúnra rẹ̀ jẹ nínú ohun ìní àwọn obìnrin kan, Lúùkù 8 sì dárúkọ Jòánà, aya Kúsà ìríjú Hẹ́rọ́dù, mọ́ wọn. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere: ọ̀rọ̀ yìí kò burú, bí a bá ti rántí pé kẹ̀kẹ́ ni, kì í ṣe ìhìnrere. Lóòótọ́, Joseph Ayọ̀ Babalọlá fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní 1928, nígbà tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n ìpè ló tẹ̀ lé. Ẹni tí wọn kò pè, tó fi òwò sílẹ̀ kó lè di mímọ́, orí àwọn ará ló ń di ẹrù rẹ̀ lé. Ẹ bá mi sọ ìyẹn fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àdúrà ìyàwó yín, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ti pásítọ̀ yín ló gùn. Deutarónómì 28 ni àwọn tó ń wàásù pé ègún ni òṣì sábà máa ń dì mú. Májẹ̀mú tí Ọlọ́run bá orílẹ̀-èdè kan dá lórí ilẹ̀ kan ló wà níbẹ̀: òjò, ọkà, ogun, ìgbèkùn. Ìwé yẹn kan náà, ní orí 15, sọ pé òtòṣì kò ní tán ní ilẹ̀ náà, ó sì ní kí wọ́n la ọwọ́ wọn sí wọn. Kò ní kí wọ́n lé ègún jáde lára wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù rò bí pásítọ̀ yín ti rò, pé ẹni tó pàdánù ti ní láti ṣẹ̀; ní orí 42, Ọlọ́run sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n sọ nípa òun kò tọ́.

Ẹ wá wo 2024 náà fúnra rẹ̀. Owó kòkó lágbàáyé kọjá 10,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Kí ló fà á? Ojú ọjọ́ tí kò dára àti àrùn igi kòkó ló bá ìkórè jà ní Gáná àti Ivory Coast, níbi tí èyí tó ju ìdajì kòkó ayé ti ń wá. Àdánù àgbẹ̀ Gáná ló di èrè fún ẹni tó ń ta kòkó ní Ìdànrè àti ní Oǹdó. Ṣé ìgbàgbọ́ wa ló ga lọ́dún yẹn ni, tí tiwọn wálẹ̀? Nígbà tí owó tún já, ṣé ìgbàgbọ́ wa náà ló já? Ẹni tó bá dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé owó yìí ni ẹ̀rí pé Ọlọ́run fẹ́ràn òun, kí ló fẹ́ sọ fún Kristẹni tó dúró lábẹ́ igi kòkó tó ti kú ní Gáná? Ìdúpẹ́ tí ẹ ṣe dára. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni ó bà á jẹ́, torí ọjọ́ tí owó bá lọ, ìtumọ̀ yẹn kan náà ni yóò sọ pé Ọlọ́run ti bá tirẹ̀ lọ.

Ó tún ń sọ ọrẹ di tẹ́tẹ́. Ẹ fi 50,000 náírà gbin irúgbìn, ẹ ń retí 500,000. Kò dé, wọ́n ní ìgbàgbọ́ yín kò tó, ẹ tún gbin òmíràn. Ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ágúrì, ọmọ Jákè, nínú Òwe 30, gbàdúrà bí ẹni tó gbé òṣùwọ̀n dání: "Máṣe fún mi ní òṣì, máṣe fún mi ní ọrọ̀, fi oúnjẹ tí ó tó fún mi bọ́ mi." Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ka èyí, wọ́n ń dá a dúró níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ wà ní ẹsẹ 9: bí mo bá yó jù, n óò sẹ́ ọ, n óò wí pé, ta ni Olúwa? Bí mo bá tòṣì, n óò jalè, n óò sì ba orúkọ Ọlọ́run mi jẹ́. Ẹ̀rù ìyà kò bà á, ẹ̀rù ìgbádùn kò bà á. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé kí nǹkan kan, yálà àpò tó kún tàbí àpò tó gbẹ, wọ àárín òun àti Ọlọ́run. Ibẹ̀ ni ayọ̀ Kristẹni wà: kí ènìyàn jẹ́ ti Ọlọ́run, kó mọ̀ pé a ti dárí jin òun, pé a fẹ́ràn òun, kí nǹkan kan má sì dí i. Jésù sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn tí iṣẹ́ ìyanu ń mú inú wọn dùn pé kí wọ́n kúkú yọ̀ nítorí a kọ orúkọ wọn sí ọ̀run (Lúùkù 10:20). Owó ọjà kò lè pa orúkọ yẹn rẹ́, kò sì lè fi kún un.

Ẹ ó ní, mo gbà, mo sì mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, kí ló dé tí n kò sùn? Nítorí pé mímọ̀ kì í ṣe kíkọ́. Ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Fílípì ni kí ẹ ṣí báyìí. Inú ẹ̀wọ̀n ló ti kọ ọ́, orí mẹ́rin péré ni, ọ̀rọ̀ ayọ̀ sì wà nínú rẹ̀ ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Láyé ìgbà náà, ará àti ọ̀rẹ́ ló ń gbé oúnjẹ lọ fún ẹlẹ́wọ̀n. Epafíródítù ló gbé ọrẹ àwọn ará Fílípì wá fún un, ó sì ṣàìsàn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Orí owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ yìí ni Pọ́ọ̀lù ti ń dúpẹ́ ní orí 4 tó fi sọ pé ipòkípò tí òun bá wà, òun ti kọ́ láti ní ìtẹ́lọ́rùn nínú rẹ̀.

Mo ti kọ́. Kò ní wọ́n bí i mọ́ òun, kò ní wọ́n gbé ọwọ́ lé òun lórí lọ́jọ́ kan tó sì wọlé. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí wọ́n túmọ̀ sí ìtẹ́lọ́rùn níbẹ̀, àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí ayé ìgbà náà ń lò ó fún ẹni tó tó ara rẹ̀, tí kò nílò ẹnikẹ́ni. Pọ́ọ̀lù gbà á lọ́wọ́ wọn, ó sì yí i po: nínú ẹni tó ń fún mi lágbára ni mo ti tó, kì í ṣe nínú ara mi. Ẹsẹ 13 nìyẹn, "èmi lè ṣe ohun gbogbo," tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì. Ohun gbogbo tó ń sọ níbẹ̀ ni ebi àti àyó, kì í ṣe iṣẹ́ àgbàṣe tí ẹnì kan ń lé ní Alágbàká, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà. Yorùbá wa náà sọ ọ́ dáadáa: ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ọrùn ni, ibi tí òkèlè ń gbà kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀run wàásù níbẹ̀, àmì ohùn kò ní gbà fún un.

Ní ẹsẹ 12, ó tún lo ọ̀rọ̀ tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí àwọn Gíríìkì ń lò nígbà tí wọ́n bá mú ènìyàn wọ awo. Inú ohun méjèèjì ni wọ́n ti mú òun wọ̀ ọ́, ó ní: láti yó àti láti wà ní ebi, láti ní ànító àti láti ṣe aláìní. Ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ó kọ́ bí a ṣe ń yó! Gbogbo wa la rò pé ẹni tí ebi ń pa nìkan ló nílò ẹ̀kọ́. Kò sí ẹni tó kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń yó ní 2024. Owó dé, ẹ̀rù pé ọjà lè já bá a dé, àwọn ẹbí tó ń pe fóònù bá a dé, ẹ ń fetí sí ẹnu ọ̀nà lóru. Oníwàásù 5:12 ti sọ ọ́: oorun oníṣẹ́ dùn, ìbáà jẹ díẹ̀ ìbáà jẹ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọrọ̀ kì í jẹ́ kí ọlọ́rọ̀ sùn. Nígbà tí owó wà, ìwọ̀n kò sí. Ní báyìí tí kò sí, ìwọ̀n náà kò sí. Àìsùn méjèèjì, ọ̀kan náà ni.

Nítorí náà, ìwọ̀n ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin àti ìyàwó yín, ìwé kan, bírò kan, wákàtí kan, kí fóònù wà ní yàrá kejì. Ẹ kọ ohun tó tó ilé yín fún ọdún kan, kì í ṣe fún oṣù, torí owó kòkó kì í wọlé lóṣooṣù: ìkórè ńlá máa ń wá láti bí oṣù kẹwàá títí wọ ọdún tuntun, ti kékeré sì ń bọ́ sí àárín ọdún. Oúnjẹ, owó ilé ìwé, oògùn, epo, àtúnṣe ilé, ti ìyá àti bàbá, ọrẹ. Ẹ kọ ìgbádùn díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá yọ ìgbádùn kúrò pátápátá, oṣù kẹta ni yóò ya ìwé náà, yóò sì ná ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ ṣírò rẹ̀, kí ẹ pín in sí 12. Ká ní ó jẹ́ 3,600,000 náírà, 300,000 lóṣù nìyẹn. Bí owó ìkórè bá wọlé, àkáǹtì ọ̀tọ̀ ni kó lọ, kí ẹ máa san 300,000 fún ilé yín ní ọjọ́ kìíní oṣù bí ẹni tó ń gba owó oṣù.

Ibi tó sábà ń bàjẹ́ fún oníṣòwò ni owó òwò. Àpò mẹ́rìndínlógún ló ń di tọ́ọ̀nù kan, ẹ mọ̀ jù mí lọ. Owó tí ẹ fi rà á kì í ṣe tiyín. Èyí tó lé lórí rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ àti àgbàrù ni tiyín. Lọ́dún tí nǹkan dùn, àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ máa ń jọ ọrọ̀, a ó sì fi owó àgbẹ̀ àti owó kọ́párétíìfù kan páànù. N kò bá yín wí o, kí ẹ kàn wo ìwé yín bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.

John Wesley, ẹni tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, sọ nínú ìwàásù kan nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Oxford. Pọ́ùn 30 ń wọlé fún un lọ́dún. Ó ná 28, ó fi 2 tọrẹ. Lọ́dún kejì, 60 wọlé. 28 náà ló ná, ó fi 32 tọrẹ. Ọdún kẹta, 90 wọlé, 62 lọ sí ọrẹ. Ọdún kẹrin, 120, ó sì fi 92 fún àwọn aláìní. Ọ̀pọ̀ gbà pé Wesley ń sọ nípa ara rẹ̀ ni. N kò ní kí ẹ ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ọmọ nílé ìwé, ní Nàìjíríà tí iye kọ́ńgò gáàrì kì í dúró sójú kan, kò lè máa ná iye kan fún ọdún mẹ́rin. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú ni pé ó mọ 28 rẹ̀ kí owó tó dé, owó tó dé kò sì láṣẹ láti yí i padà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mánà ní Ẹ́kísódù 16. Ómérì kan, ìyẹn òṣùwọ̀n oúnjẹ òòjọ́, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kó púpọ̀ kò ní àníṣẹ́kù, ẹni tó kó díẹ̀ kò ṣe aláìní, èyí tí wọ́n sì fi pamọ́ di ọjọ́ kejì yọ ìdin, ó sì ń rùn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹfà, ómérì méjì ni wọ́n ní kí wọ́n kó nítorí ọjọ́ ìsinmi, ìyẹn kò sì bàjẹ́. Ẹ rí i pé ìfipamọ́ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Jósẹ́fù náà kó ìdá márùn-ún ọkà Íjíbítì pamọ́ fún ọdún méje. Èyí tí a fi pamọ́ nítorí iṣẹ́ tí a mọ̀, ìṣètò ni. Èyí tí ẹ̀rù fi pamọ́ ló ń yọ ìdin. Àwọn tó ti kòkó mọ́ yàrá pé owó rẹ̀ ṣì ń lọ sókè, tí òmíràn kò tíì gbẹ dáadáa tó fi bu nínú àpò, wọn kò nílò kí n ṣàlàyé ẹsẹ yẹn fún wọn.

Ní ti gbèsè, ẹ má dúró kí kọ́párétíìfù wá yín wá. Ẹ lọ bá akọ̀wé àti akápò ṣáájú ìpàdé, ẹ mú ìwé dání: iye tí ẹ jẹ, iye tí ẹ lè san lóṣù láìpa ilé lébi, oṣù tí yóò parí. Iye kékeré tí kò yẹ̀ dára ju iye ńlá tí yóò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má yá owó orí fóònù san án; èlé rẹ̀ yóò gbé yín mì, wọn yóò sì fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù yín. Ẹ má sì fi owó olówó dá ìdámẹ́wàá. Inú èrè yín ni ọrẹ ti ń jáde, bó ti wù kó kéré mọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan kò ní gbà pẹ̀lú mi níbí, ṣùgbọ́n Sáàmù 37:21 pe ẹni tó yá tí kò san ní ènìyàn búburú, kò sì yọ ẹni tó fi í sínú agbọ̀n ọrẹ sílẹ̀.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí nìkan, ẹ ó di olùṣírò owó tó já fáfá, inú yín sì lè má dùn síbẹ̀. Ìwọ̀n máa ń ṣí ọ̀nà ni. Ohun tó ń gba ọ̀nà yẹn wọlé ni ayọ̀. Láàárọ̀, kí ọwọ́ yín tó kan fóònù, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ka Sáàmù kan sókè, kí ẹ sì dárúkọ ohun mẹ́ta láti àná tí ẹ fi dúpẹ́. Kó jẹ́ ohun gan-an. "Mo dúpẹ́ fún ẹ̀mí, fún àlàáfíà" kò kà. Ẹnu lásán ti mọ̀ ọ́n kà. "Mo dúpẹ́ pé ọmọ mi obìnrin rẹ́rìn-ín nígbà tí òjò pa wá lọ́nà Ọjà Ọba" kà. Lálẹ́, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: ta ni mo ṣe ìlara rẹ̀ lónìí? Ẹ dárúkọ onítọ̀hún níwájú Ọlọ́run, kí ẹ sì gbàdúrà kí òwò rẹ̀ dára sí i. Yóò korò lẹ́nu fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń da kòkó tútù jọ, tí wọ́n ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje, mọ ohun tí mò ń sọ: ó ń gbóná, ó ń yọ omi, ó ń rùn, ẹni tí kò mọ̀ yóò ní ó ti bàjẹ́. Èyí tí wọ́n sá láìbò, gbígbẹ ló máa gbẹ, kò ní ní adùn kòkó láé.

Ẹ wá fi ọwọ́ kún un. "Ayọ̀ Olúwa ni agbára yín" ni gbogbo wa ń kọ lórin, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ yẹn, Nehemáyà 8:10, ni pé kí wọ́n lọ jẹ ọ̀rá, kí wọ́n mu ohun dídùn, kí wọ́n sì fi ìpín ránṣẹ́ sí ẹni tí a kò pèsè sílẹ̀ fún. Ẹkún ni wọ́n ń sun kí wọ́n tó sọ ọ́ fún wọn. Oúnjẹ ló kọ́kọ́ gbé ẹsẹ ayọ̀ náà jókòó. Nítorí náà, ní ọjọ́ Àìkú, bí iyán bá ń gún nílé yín, ẹ fi iṣu kan kún un. Ẹ bu iyán àti ọbẹ̀ sínú abọ́ tó mọ́, ẹ fi rán ọmọ lọ sọ́dọ̀ opó tí ẹ mọ orúkọ rẹ̀ ládùúgbò, kí ọmọ náà má sì sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì ló fi ránṣẹ́. Ọrẹ tí a kéde rẹ̀ ti gba èrè rẹ̀ lójú agbo. Kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú èyí, bí ẹ bá jẹ àwọn tó ń gbé àpò fún yín lówó iṣẹ́, ẹ san án. Jákọ́bù 5:4 ní owó ọ̀yà tí a dá dúró ń ké.

Ẹnì kan lè sọ pé kí a kúkú da gbogbo owó pọ̀, kí ìlara parí. Wọ́n ti ṣe é rí ní ìpínlẹ̀ wa. Ní 1947, àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ Ayétòrò dó sí etíkun Ìlàjẹ. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹ, àpò kan ni owó wà. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n hun aṣọ, ìlú náà sì gbèrú débi pé Happy City, Ìlú Aláyọ̀, ni wọ́n ń pè é. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ètò àjùmọ̀ní yẹn tú, òkun sì ti gbé ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ lọ. N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí wọ́n dán wò ju agbára ọ̀pọ̀ wa lọ, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 4 ni wọ́n sì tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n bí ètò tó dára tó bẹ́ẹ̀ kò bá lè gbé ayọ̀ dúró, owó kòkó ọdún kan kò lè gbé e. Hábákúkù 3:17 ka gbogbo rẹ̀ tán, igi ọ̀pọ̀tọ́ tí kò tanná, oko tí kò mú oúnjẹ wá, agbo ẹran tó ṣófo, kó tó sọ pé síbẹ̀, òun yóò máa yọ̀ nínú Olúwa. Ọkùnrin yẹn kò ní ebi kò pa òun o.

Nípa àìsùn náà, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí ó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí oorun kò wá, tí oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun, tí ohun tó máa ń dùn mọ́ yín kò dùn mọ́, tàbí tí ọkàn kan ń sọ pé ikú sàn, ẹ lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba, kí ẹ sì sọ fún ìyàwó yín lónìí. Àìsàn lè jẹ́ àìsàn láìjẹ́ àìnígbàgbọ́. Nígbà tí Èlíjà ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun (1 Ọba 19), áńgẹ́lì kò wàásù fún un. Ó fún un ní àkàrà àti omi, ó jẹ́ kó sùn, ó tún jí i fún un ní oúnjẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rọ̀ dé lẹ́yìn náà.

Ẹ má torí ìpàdé méjèèjì bá ìyàwó yín jà. Ẹ jọ ṣe nǹkan kan: fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹni kọ̀ọ̀kan yín ka ẹ̀rí tí wọ́n ń jẹ́ níbi tó ń lọ. Mélòó ni mọ́tò, físà, ilẹ̀? Mélòó ni ẹni tó dárí ji ẹnìkejì rẹ̀, ẹni tó jáwọ́ nínú ìwà kan, ẹni tó ṣàìsàn tí kò tíì sàn tó ṣì ń dúpẹ́? Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi ara yín: ṣé ẹnì kan lè dìde níbẹ̀ pé òun kò ní owó oúnjẹ, kí wọ́n gbé oúnjẹ fún un láìkọ́kọ́ lé ẹ̀mí èṣù jáde lára rẹ̀? Ibi tó bá ṣeé ṣe ni kí ẹ̀yin méjèèjì jọ máa lọ.

Ó ku mọ́tò. Ẹ kọ ohun tó ń ná yín lóṣù sílẹ̀: epo, mẹkáníìkì, táyà, ìwé ọkọ̀. Bí ó bá ń gbé yín lọ ra kòkó lóko, tí ẹ kò sì ní háyà ọkọ̀ mìíràn mọ́ nítorí rẹ̀, irinṣẹ́ ni, ẹ fi sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àárín ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì ló ń rìn, tó sì ń gba ju ìdá mẹ́wàá iye tó tó ilé yín lóṣù, ẹ tà á. Ẹ má yára tà á lọ́sẹ̀ yìí, torí bí oníbàárà bá ti mọ̀ pé ó ká yín lára, ìdajì owó ni yóò sọ. Ẹ tún bírékì àti iná rẹ̀ ṣe, ẹ fọ inú rẹ̀, ẹ fi han ènìyàn mẹ́ta ó kéré tán kí ẹ tó dá owó lé e. Ọjọ́ tí wọ́n bá san án, kí owó náà má sùn nílé yín: ọ̀dọ̀ akápò kọ́párétíìfù ni kó gbà kọjá, kí ẹ sì gba rìsíìtì.